Ìwọ̀n Búrẹ́dì Mákánjúọlá

Ọjọ́ kọkànlélógójì tí wọ́n sin Mákánjúọlá ni àwọn ará yunifásítì wá béèrè rẹ̀. Obìnrin kan ni, àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ilé búrẹ́dì ní Gadumo, ní Lọ́kọ́já, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo fáìlì ọwọ́ wọn, wọ́n tún ń wo pátákó tó wà lókè ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Modúpẹ́, ìyàwó Mákánjúọlá, jókòó sórí àga níwájú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kò pè wọ́n. Ìgbà tó yá ni obìnrin náà rí i, ó sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀gbẹ́ni Mákánjúọlá là ń wá. Wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nínú oṣù kejì."

"Ó ti kú," ni Modúpẹ́ wí.

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ó lọ sọ́jà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ tán pátápátá. Ó ní orúkọ òun ni Dókítà Olúwadùnsìn, ọmọ Yàgbà, òun ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa bí a ṣe ń darí okòwò. Ó kí i kú ìrọ́jú. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé ohun tó gbé wọn wá. Yunifásítì, ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń ta fúláwà ti para pọ̀, wọ́n fẹ́ ran àwọn oníbúrẹ́dì kéékèèké lọ́wọ́ fún ọdún kan.

"Ohun tá a fẹ́ ni pé kí irú okòwò báyìí má máa kàn kú bẹ́ẹ̀..." Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. "Ẹ má bínú mà."

"Kò sí nǹkan kan."

Ó fi fọ́ọ̀mù hàn án. Ọwọ́ Mákánjúọlá ló kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá, bó ṣe máa ń kọ nǹkan. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ni okòwò, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí àyè orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀. Modúpẹ́ kò mọ̀ pé ọkọ òun kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó dá a padà fún Dókítà Olúwadùnsìn.

"Ṣé ẹ ó fẹ́ rọ́pò wọn, mà?"

"Ó dáa."

Kì í ṣe pé ó fẹ́. Bó bá ní rárá, wọn yóò béèrè ìdí rẹ̀, kò sì sí okun àlàyé lára rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ṣubú sínú balùwẹ̀ tí kò sì dìde mọ́, gbogbo ara rẹ̀ ti dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò kàn gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀ ni. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n sunkún, ó ń wò wọ́n. Ìbùkún, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Àbújá, a máa pè é láràárọ̀ pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun?" Á ní òun ti jẹun, ì báà jẹ́ òótọ́, ì báà má jẹ́ òótọ́.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Modúpẹ́ fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́já, iṣẹ́ fáìlì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ló bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó níwájú ilé búrẹ́dì, tó ń tà fún àwọn oníbàárà. Ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò kàn án. Bí Mákánjúọlá bá ti fẹ́ po fúláwà, á ní kí gbogbo èèyàn jáde, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ọ̀fà ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jí ìwọ̀n rẹ̀, iye ohun tó ń pò mọ́ fúláwà, gbé lọ ṣí ilé búrẹ́dì tiwọn sí òdìkejì ọjà. Ó búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí òun. Sámúẹ́lì, ọkùnrin tó ti ń dáná ààrò fún un láti ọdún mẹ́rìnlá, kò mọ iye iyọ̀ tó ń wọ inú búrẹ́dì tó ń yọ jáde lójoojúmọ́. Modúpẹ́ náà kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì.

Ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé nínú gbọ̀ngàn kan ní yunifásítì. Àwọn oníbúrẹ́dì mẹ́fà ló wá, láti Gadumo, Ganaja àti Kabawa. Obìnrin kan láti ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkùnrin Ebira kan tó ń ta fúláwà sọ̀rọ̀, àwọn olùkọ́ mẹ́ta sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá gbogbo wọn bọ́ sínú Pijin. Modúpẹ́ ń wo fáànù tó ń yí lókè. Wọ́n ní kí àwọn tó wà ládùúgbò kan náà wà nínú ọ̀wọ́ kan, kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ka orúkọ: Gadumo, Ìyáàfin Modúpẹ́ àti Alhaji Rùfáì.

Ilé búrẹ́dì Rùfáì kọjú sí tiwọn. Títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni Rùfáì, láti abúlé kan lórí òkè, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí òun àti Mákánjúọlá ti kí ara wọn gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá búrẹ́dì ló fa ìjà wọn. Mákánjúọlá ń lo ọ̀rá aláwọ̀ búlúù. Rùfáì náà lọ tẹ ọ̀rá tirẹ̀, òun náà sì jẹ́ búlúù. Mákánjúọlá ní olè ni. Rùfáì ní kò sẹ́ni tó ra àwọ̀ búlúù lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn àgbà àdúgbò dá sí i, kò yanjú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà, tí wọ́n ń gbọ́ òórùn búrẹ́dì ara wọn láràárọ̀.

Nínú gbọ̀ngàn yẹn, Rùfáì yí ojú sí ọ̀dọ̀ Modúpẹ́. Modúpẹ́ mọ̀ pé ó yẹ kí òun dìde, kí òun ní òun kò bá a ṣe. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó ní, "Ó dáa."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà Olúwadùnsìn mú olùkọ́ kan tó mọ̀ nípa oúnjẹ wá sí Gadumo, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì náà pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà hàn. Modúpẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ilé náà ń rùn bí ìwúkàrà tó ti gbẹ. Agolo mílíìkì tí Mákánjúọlá fi ń wọn nǹkan ṣì wà nínú báàgì fúláwà, ó rì dé ìdajì.

"Mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é," ni ó sọ fún wọn.

"Ẹ má rò ó, mà," ni Dókítà Olúwadùnsìn wí. "Ẹ kàn bù ú bí ẹ ṣe rò pé wọ́n ń bù ú. Àwa la máa wọ̀n ọ́n."

Modúpẹ́ di agolo mú. Kò tíì rí ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń bu fúláwà rí, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ. Láti iwájú, níbi tó máa ń jókòó sí, ó máa ń gbọ́ tí agolo bá wọ inú fúláwà, tí yóò kan etí abọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò tún wọlé. Ó ń bù ú, ó ń kà á. Agolo mẹ́rìnlélógún fún fúláwà, lẹ́yìn náà agolo á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni omi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Búrẹ́dì àkọ́kọ́ le bí bíríkì, ewúrẹ́ àdúgbò ló jẹ ẹ́. Èkejì wú dáadáa, ó wá wó láàárín. Ẹ̀kẹta kò wó, ṣùgbọ́n ó tẹ́ lẹ́nu. Olùkọ́ oúnjẹ náà ń yí nọ́ńbà padà díẹ̀díẹ̀, kò gbé ohùn sókè, ó ń bi Modúpẹ́ bóyá omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí ó tutù. Lọ́jọ́ kẹrin ni Sámúẹ́lì, tó ń to igi sídìí ààrò, gbé orí sókè.

"Ọ̀gá máa ń tọ́ omi iyọ̀ yẹn wò. Mo máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé tí mo bá wà lẹ́yìn. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á fajú ro."

"Fajú ro bíi ti báwo?" ni olùkọ́ náà béèrè.

Sámúẹ́lì fajú ro. Wọ́n fi iyọ̀ kún un títí omi náà fi mú kí olùkọ́ fajú ro bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ ọ́.

Èyí tí wọ́n yọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló wá ṣe rẹ́gí. Sámúẹ́lì bu díẹ̀ sẹ́nu, ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Dókítà Olúwadùnsìn ń wo Modúpẹ́, ó ń retí nǹkan. Modúpẹ́ jẹ ẹ́. Búrẹ́dì ọkọ rẹ̀ ni, kò sí àní-àní.

"Òun ni," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìyókù sínú ọ̀rá.

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣí ilé búrẹ́dì padà. Àwọn oníbàárà ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé bó ṣe máa ń rí náà ló ṣe rí, Modúpẹ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Yunifásítì náà ṣèlérí pé àwọn ilé oúnjẹ inú ọgbà wọn yóò máa ra búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀. Wọ́n mú ọjọ́ Ajé fún Gadumo.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ náà pé nígbà tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì láìdá. Páànù òrùlé tó bo ààrò ti dípẹtà, omi wọ inú amọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bí Sámúẹ́lì ṣe dáná sí i, àjà ààrò dún, ó sì wó sínú iná. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Modúpẹ́ pe Dókítà Olúwadùnsìn lórí fóònù. Ìyẹn ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Modúpẹ́ ní ó dáa, ó pa fóònù, ó lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Fúláwà tí wọ́n ti pò wà nínú páànù lórí tábìlì, ó ń wú.

Ó rí Rùfáì tó jáde síta. Ó rí i tó dúró létí títì, tí ọ̀kadà méjì kọjá, tó wá gba títì kọjá, ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Òkun o, Ìyá Ìbùkún," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra lápá ọ̀dọ̀ wọn.

"Òkun."

"Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ọ̀hún."

"Ààrò ló wó."

Rùfáì wo inú ilé, ó wo páànù tó wà lórí tábìlì. "Iṣẹ́ tiwa máa ń parí láago mẹ́jọ. Ààrò ṣì máa ń gbóná títí di ọ̀sán. Ẹ máa gbé tiyín wá."

"Ọkọ mi kò ní gbà."

"Mo mọ̀. Èmi náà kò ní fún un, bó bá jẹ́ òun ló béèrè." Ó fọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀. "Mo dúró létí títì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọjá. Mi ò mọ bí màá ṣe wọlé wá kí yín."

"Mo rí yín."

"Ẹ rí mi?"

"Mo rí yín. Mi ò ro nǹkan kan."

Rùfáì mi orí. Ó gbé páànù mẹ́ta, ó tò wọ́n sí àyà, ó gba títì padà. Sámúẹ́lì tẹ̀ lé e pẹ̀lú mẹ́rin. Modúpẹ́ gbé méjì. Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé búrẹ́dì Mákánjúọlá lọ sínú ilé Rùfáì. Ó yẹ kí ojú tì í. Apá ló ń dùn ún nítorí páànù wúwo.

Lọ́jọ́ Ajé, búrẹ́dì dé yunifásítì lásìkò. Lọ́jọ́ Ajé kejì bẹ́ẹ̀ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, Modúpẹ́ ń wà nílé Rùfáì láràárọ̀, ó ń dúró kí ààrò ṣófo. Ibẹ̀ ló ti rí i pé bí Rùfáì bá fẹ́ po fúláwà, òun náà a máa lé gbogbo èèyàn síta. Jàmíátù, ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń gé fúláwà, tó ń fi òróró ra páànù, tó ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá, a máa jáde pẹ̀lú àwọn tó kù, á dúró nínú oòrùn, á máa tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Modúpẹ́ dúró tì í níta. Nígbà tí Rùfáì ṣí ilẹ̀kùn, Modúpẹ́ bi í pé, "Baba Fàthíà, ta ló mọ ìwọ̀n náà yàtọ̀ sí yín?"

"Èmi nìkan. Kí nìdí?"

"Ó ju ogójì ọjọ́ lọ tí ilé búrẹ́dì wa fi wà ní títì. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀fọ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan. Mi ò mọ iye iyọ̀ ni."

Rùfáì wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wọlé lọ dáná.

Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn pé jọ sí yunifásítì láti sọ ohun tí wọ́n rí. Dókítà Olúwadùnsìn ti kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé fún Modúpẹ́, ojú ewé kan, pé kó fi tirẹ̀ kún un bó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ó sọ nípa ìrètí. Modúpẹ́ dúró níwájú wọn, ó wo ìwé náà, ó ká a.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Ilé búrẹ́dì wa ti ṣí. Ẹ wọn ohun tí ọkọ mi mọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ikú rẹ̀ lẹ tó wọ̀n ọ́n. Agbára káká la fi rí i. Àyè orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́ọ̀mù yín. Ẹ fi ìkejì sí i. Ẹ béèrè ẹni kejì tó mọ iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ oníbàárà tàbí ti ọ̀rá."

Ó jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin ìjọba ìbílẹ̀ ń kọ nǹkan. Dókítà Olúwadùnsìn dìde, ó ní òun fara mọ́ ọn, pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọ̀wọ́ tó ń bọ̀. Wọ́n jiyàn díẹ̀, wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dé orí ọ̀rọ̀ ààrò, èyí tí ìgbìmọ̀ ti ń sún síwájú. Olùkọ́ kan tó mọ̀ nípa iná ti yàwòrán ààrò tí kò ní jẹ igi púpọ̀. Ọkùnrin tó ń ta fúláwà ní ọkọ̀ òun yóò kó amọ̀ àti bíríkì wá. Àwọn oníbúrẹ́dì mẹ́fà fẹnu kò pé àwọn yóò fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ará Kabawa ló ń po amọ̀, Rùfáì ló bá wọn to àjà rẹ̀. Lẹ́yìn tó gbẹ, Sámúẹ́lì dáná sí i, èéfín jáde láti ibi tó yẹ kó ti jáde.

Modúpẹ́ kò ní ohun tó ń gbé e lọ sílé Rùfáì mọ́. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Rùfáì ránṣẹ́ pè é pé kó mú òṣùwọ̀n yunifásítì dání. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti lé gbogbo èèyàn síta, ṣùgbọ́n Jàmíátù wà nínú ilé, ó dúró sídìí tábìlì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ bá wa kọ ọ́," ni Rùfáì wí. "Ọwọ́ ìwé yín dára ju tiwa lọ. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ máa kọ ọ́, kí òun sì máa bù ú."

Ó sọ ọ́. Jàmíátù bù ú, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, Modúpẹ́ kọ ọ́. Fúláwà, ṣúgà, ìwúkàrà, bọ́tà, iyọ̀. Rùfáì ń fi ọwọ́ hàn án bí omi ṣe gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Jàmíátù béèrè nǹkan méjì, ó dá a lóhùn. Lẹ́ẹ̀kan Jàmíátù bu ṣúgà pọ̀ jù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Rùfáì nu ọwọ́, ó ní ó parí.

Modúpẹ́ wo aago tó wà lára ògiri. Ìdajì wákàtí ni. Kò tiẹ̀ pé ìdajì wákàtí.

Ó ka ohun tó kọ. Kò ju ìlà mẹ́sàn-án lọ. Ó ronú kan ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí òun àti Mákánjúọlá fi wà pọ̀, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́, tó máa ń jókòó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́. Ìdajì wákàtí péré ni ì bá fi kọ́ òun. Ó fi bírò lu tábìlì, ó tún lù ú, bírò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yíǹkì ta sí i láṣọ.

Rùfáì sún sẹ́yìn. Jàmíátù dì í lápá mú.

"Ìyá Ìbùkún, kí ló dé? Kí la ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan." Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. "Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi sí i."

Jàmíátù kò bi í sí ta ni. Ó fẹsẹ̀ fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ tí fúláwà kún gbé e jókòó. Modúpẹ́ jókòó síbẹ̀, ó ń wo yíǹkì tó ń ràn lára aṣọ rẹ̀. Níta, àwọn tí wọ́n lé jáde ń béèrè bóyá àwọn lè wọlé.